Ilé bàbá wa l'Ápáta: a fẹ́ tà á kí Kérésì tó dé

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé bàbá wa l'Ápáta, n'Ìbàdàn, la fẹ́ tà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wálé láti Kánádà máa padà ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní. Ajẹ́ǹtì ní ká gba ìdajì iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ọkàn mi ò gbà á rárá, inú ilé yẹn ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣé bàbá ṣe wíìlì?

Àbíkẹ́yìn: Rárá, mà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gba ìwé tí kóòtù gíga fi ń yan ẹni tí yóò bójú tó ogún ná. Láìsí i, lọ́yà gidi ò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ tó fẹ́ ra ilé náà sanwó. Ìwé yẹn kì í yá. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹni tó bá rà á láìsí ìwé máa san.

Bàbá Ìdòwú: Kí ẹ̀gbọ́n yín fún ẹnì kan níwèé láti ṣojú òun, kí lọ́yà kọ ọ́. Nígbà náà, ẹ lè tà á lóṣù kẹta.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀la la máa rí lọ́yà.