Ẹ̀gbọ́n mi ní orin àtúnkọ kò lè dùn tó ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹ gbà mí o!

Àbíkẹ́yìn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ láàárín wa. Mo ń gbọ́ orin kan lórí fóònù, ó béèrè ẹni tó kọ ọ́, mo dárúkọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni yẹn kọ́ ló ni orin, pé ẹni tó bá ń tún orin olórin kọ, ẹ̀wù àgbàwọ̀ ló wọ̀: bí kò bá ṣo ó lápá, á fún un lọ́rùn.

Fẹlá ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbọ́ láàárọ̀, Fẹlá náà ni lálẹ́. Ó tún fi ìyẹn lé mi lórí: ó ní bí Fẹlá bá ti gbé orin sínú àwo, òun fúnra rẹ̀ kì í kọ ọ́ lójú agbo mọ́, áńbọ̀sì kí ẹlòmíì wá tún un kọ.

Ó wá fún mi lọ́sẹ̀ kan pé kí n mú ohun tó lè yí òun lọ́kàn padà wá. Kí ọ̀kan jẹ́ orin àtúnkọ, kí ọ̀kan jẹ́ àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, kí ìkẹta jẹ́ odindi àwo tí èèyàn lè gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìṣòro mi ni pé ẹyọ orin ni mo máa ń gbọ́ ní tèmi. Bí èyí bá parí, mo ti fo sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Má bá a jiyàn rárá. Aretha Franklin ni kó o gbé fún un. Otis Redding ló kọ "Respect" jáde ní 1965. Nínú tirẹ̀, ọkùnrin ló ń bẹ obìnrin pé kó bu ọlá fún òun nígbà tóun bá wọlé. Ní 1967 Aretha gbà á, ó sọ obìnrin di ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń pe lẹ́tà orúkọ orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ayé ń bá a pè títí dòní, kò sí níbẹ̀ nígbà tí Otis kọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló wọlé, àṣẹ ló bá jáde! Otis fúnra rẹ̀ fi ṣàwàdà lórí ìtàgé níbi àjọ̀dún orin Monterey ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà pé ọmọbìnrin kan ti gba orin náà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ẹlẹ́rù ti jẹ́wọ́, kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ tún ń wá?

Jẹ́ kó gbọ́ ti Otis ná o. Bí kò bá gbọ́ ìyẹn, kò ní mọ ohun tí Aretha ṣe.

Aláìgbà
Ẹ̀gbọ́n ẹ ò jẹ̀bi púpọ̀ jàre. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin àtúnkọ, àdàkọ lásán ni. Ibi tí olórin àkọ́kọ́ ti mí, ibẹ̀ gan-an ni èyí náà á ti mí. Kí wá ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀kan tí mo gbà ni "Hurt" tí Johnny Cash kọ. Ẹgbẹ́ Nine Inch Nails ló ni ín, ó wà nínú àwo wọn ti 1994, ó sì kún fún ariwo ẹ̀rọ àti ìbínú ọ̀dọ́. Nígbà tí Cash máa kọ ọ́ jáde ní 2002, ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ara rẹ̀ kò dá, ohùn rẹ̀ ti há. Gìtá àti dùùrù ló gbé e. Ẹ̀yọ ọ̀rọ̀ kan ló yí padà: ó sọ adé tí wọ́n fi èébú pè nínú ti àkọ́kọ́ di adé ẹ̀gún. Ìyókù, bó ṣe wà ló fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń gbọ́ àgbàlagbà tó ń ka gbèsè ayé rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Trent Reznor, olórí ẹgbẹ́ Nine Inch Nails tó ni orin náà, sọ pé kì í ṣe tòun mọ́. Èmi kì í gbọ́ ọ lóru.

Bàbá Onídùùrù
Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ mú ti ojú agbo. *The Köln Concert* ti Keith Jarrett. Ní January 24, 1975, ní ìlú Köln ní Jámánì, ọkùnrin yìí dé gbọ̀ngàn, dùùrù tó béèrè fún kọ́ ló bá. Dùùrù kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ohùn òkè rẹ̀ ń han bí agolo, ohùn ìsàlẹ̀ kò wúwo, àtẹ̀lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀yìn ń dun Jarrett, kò sì sùn. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣètò eré náà ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, àwọn tó ń tún dùùrù ṣe sì bá a wọ̀yá ìjà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe? Ó sá fún ibi tí dùùrù náà ti bàjẹ́. Àárín ló dúró sí. Nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ kò ti wúwo, ó fi ọwọ́ òsì tẹ ohun kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ bí ẹni ń lu ìlù, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún máa rìn kiri lórí rẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló hun lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń kérora, tó ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Àwo yẹn tà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Mo ti ń tẹ dùùrù tipẹ́, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ apá kìíní, mo máa ń pa ìdérí tèmi dé fún ọjọ́ méjì.

Àbíkẹ́yìn
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ti dùùrù yẹn sí i létí, ó ní ìyẹn dára, pé ó kúkú dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ní àwo ojú agbo tó kù, ariwo èrò ni wọ́n ń tà.

Ìyá Ìbejì
Hà! Fún un ní *Live* ti Donny Hathaway, 1972. Wàá fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì, torí orin àtúnkọ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi: ti Marvin Gaye ló fi bẹ̀rẹ̀, ti John Lennon wà níbẹ̀. Nígbà tó dé orí "You've Got a Friend" ti Carole King, àwọn èrò ló gba ègbè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Yọ ariwo èrò kúrò níbẹ̀, kí ló kù?

Bàbá Onídùùrù
Òótọ́ ni. Ti James Brown ní gbọ̀ngàn Apollo ní New York náà, October 1962. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde kọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa ra orin tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Owó àpò ara rẹ̀ ni James Brown fi gbà á sílẹ̀, àwo náà sì wà lórí àtẹ Billboard, ìyẹn àtẹ àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ 66.

Olóhùn Iyọ̀
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbàgbé pé Fẹlá ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ ká bá a nílé rẹ̀.

Ní 1980, ẹgbẹ́ Talking Heads ní New York gbé *Remain in Light* jáde. Fẹlá ni àwọn àti Brian Eno tó bá wọn ṣe é ń gbọ́ nígbà náà. Ìlù tó ń yí po, gìtá kéékèèké tó ń dá ara wọn lóhùn, ẹ ó mọ ibi tó ti wá. Ní 2018, Angélique Kidjo ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tún odindi àwo náà kọ, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó fi èdè ilé rẹ̀ kún un, ó kó fèrè sí i. Ta ló sì lọ pè kó wá bá òun lùlù níbẹ̀? Tony Allen, onílù Fẹlá gan-an.

Odindi àwo ni, orin àtúnkọ sì ni. Méjì nínú mẹ́ta lẹ̀ẹ̀kan náà.

Àbíkẹ́yìn
Mo ti padà dé o. Ó gbọ́ Otis àti Aretha, ó ní "ó dáa," bí ẹni tí wọ́n fún lóògùn mu. Ti Cash, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n tún un gbé sí i. Donny Hathaway mú un mi orí.

Ti Kidjo ni iṣẹ́ dé. N kò sọ ìtàn rẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dìde jókòó, ó ní "Ta ló ń lùlù yẹn?" Mo ní Tony Allen ni. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ṣé ó ti gbà báyìí pé orin àtúnkọ lè dùn?

Ó ní rárá. Ó ní ìyẹn kì í ṣe àtúnkọ, pé ẹlẹ́rù ló wá gba ẹrù rẹ̀ padà.

Íápíìsì mi ṣì wà létí ẹ̀ láti àná. Ta ló tún mọ irú rẹ̀?