Tòlótòló méjìlá ni mo rà, márùn-ún ti kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Níbo ni mo ti ṣìṣe?

Aránṣọ Alékúwodò:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Aránṣọ ni mí, Alékúwodò níbí ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ilé wa sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Mi ò sin ohun ẹlẹ́yẹ kankan rí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan, èmi àti ọkọ mi lọ ná tòlótòló, iye tí wọ́n pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà. Ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ pé èmi náà á sin tèmi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo ra méjìlá lọ́wọ́ ọkùnrin kan nítòsí Ọjà Ọba. (Iye tí mo rà wọ́n, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àbúrò ọkọ mi wà láàárín yín, gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń kà fún ìyá wọn.) Ọkùnrin náà ní wọ́n ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo kó wọn sínú páálí bisikíìtì ńlá kan, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, mo da èékù aṣọ lé e kó lè móoru: léèsì, áńkárá, gbogbo ohun tí mo gbá nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo so gílóòbù sókè rẹ̀. Iná tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tó bá ti lọ, mo máa ń fi aṣọ bo páálí náà. Oúnjẹ tí aládùúgbò wa ń fún adìyẹ rẹ̀ tó ń yé ẹyin ni mo bù fún wọn, omi sì wà nínú abọ́ ọbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, ọ̀kan kú sínú omi. Ọjọ́ kejì, mo bá méjì lábẹ́ àwọn yòókù, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n pa. Lánàá, méjì míì. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n á kàn dúró, wọ́n á máa ké "píì, píì" bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ já jù sílẹ̀ nínú gáréèjì. Nínú méje tó kù, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti yà sọ́tùn-ún sósì, kò lè dìde.

Èyí tún wà níbẹ̀: ìyá ọkọ mi ní adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní kí n kó àwọn méje yìí sábẹ́ àgbébọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ, pé á bá mi tọ́ wọn. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bàbá Rélùwéè, Ìdó-Ọ̀ṣun:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ogún ni mo kọ́kọ́ rà, mẹ́ta ló dàgbà.

Kí o tó ka ìyókù, lọ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ki ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ bọ omi náà, kó má dé ihò imú. Yóò gbé orí sókè, yóò gbé e mì. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin lóòjọ́ títí tí wọ́n á fi máa lọ fúnra wọn.

Ọmọ adìyẹ, bí o bá ṣe dà á sílẹ̀ ló ti ń sá kiri, tó ń ṣá ilẹ̀ jẹ. Ọmọ tòlótòló kò mọ̀ pé oúnjẹ ni oúnjẹ. Pupa ẹyin tó gbé wá sáyé nínú ikùn ni ó ń jẹ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Bí ìyẹn bá tán tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ, ebi á pa á kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tó kún. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé irọ́ ni ọkùnrin yẹn pa fún ọ. Èyí tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan láyé ti mọ oúnjẹ jẹ, kò sì ní gbàgbé. Ọmọ ọjọ́ kan, bó pẹ́ méjì, ló tà fún ọ.

Wá àwo tí kò jìn fún omi, kó òkúta gíláàsì róbótó tí àwọn ọmọdé fi ń ta sínú rẹ̀. Ohun tó ń dán ló ń fa ojú wọn: bó bá ti ń ṣá gíláàsì, ẹnu rẹ̀ á bọ́ sínú omi, kò sì ní ríbi rì sí. Da oúnjẹ sórí páálí pẹlẹbẹ, fi ìka lù ú, tó-tó-tó, bí ìyá adìyẹ ṣe ń ṣe. Èyí tí o ń fún wọn yẹn kò dára. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn kí èèpo ẹyin lè le ti pọ̀ jù fún ọmọ ọwọ́, purotéènì rẹ̀ kò sì tó. Ti ọmọ tòlótòló yẹ kó tó ìdá 28 nínú 100. Bí o kò bá rí tiwọn rà, ra ti ọmọ adìyẹ àgíríìkì tí wọ́n ń sìn fún ẹran, kí o máa rún ẹyin sísè mọ́ ọn.

Èékù aṣọ yẹn, kó gbogbo rẹ̀ kúrò lónìí. Òwú ni wọ́n ń jẹ. Ìwé ìròyìn náà ń yọ̀, òun ló ya ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Lọ gba èyí tí káfíńtà ń fá bọ́ lára pákó, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á jẹ ìyẹn náà. Iṣẹ́ rẹ ni ti ẹsẹ̀: gé aṣọ rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, fi so ẹsẹ̀ méjèèjì kó má lè yà ju bó ṣe yẹ lọ, tú u wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ooru: àwọn ẹyẹ ni kí o máa wò. Bí wọ́n bá wọ́ jọ sábẹ́ gílóòbù, òtútù ń mú wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń tẹ ara wọn pa. Bí wọ́n bá sá jìnnà tí wọ́n la ẹnu, ó ti pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní ń fẹ́ nǹkan bíi 35°C, kí o máa fi 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí iná bá lọ, rọ omi gbígbóná sínú ike, fi aṣọ wé e, gbé e sáàárín wọn. Má gbé iná èédú sínú yàrá tó sé pa o. Á pa wọ́n, á pa ìwọ náà.

Ìyá ọkọ rẹ kò parọ́. Kó ọmọ adìyẹ méjì sáàárín wọn, wọ́n á kọ́ wọn ní jíjẹ àti mímu.

Ìyá Ṣadé:

Gbogbo òfin yìí nítorí ẹyẹ! Ọdún mẹ́ta ni mo fi sin tòlótòló pọ̀ mọ́ adìyẹ ní Òkè-Báálẹ̀, orí kò fọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Wàhálà kan ṣoṣo tí akọ tèmi fún mi ni pé ó ń lé ẹni tó ń pín ìwé iná. Ìyẹn gan-an kì í ṣe wàhálà.

Olùtọ́jú Ẹran:

Ẹ má bínú mà, ẹ má bínú sà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe. Ohun tí Bàbá sọ lórí omi àti oúnjẹ, mi ò ní àfikún. Ọ̀rọ̀ àgbébọ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo fẹ́ mú.

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní blackhead, ìyẹn orí dúdú. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń fà á, inú ẹyin aràn tó ń gbé ìfun adìyẹ ló ń fara pamọ́ sí. Adìyẹ á máa gbé e kiri, ara rẹ̀ á le koko, á sì máa yà á sílẹ̀. Ẹyin aràn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ekòló á jẹ ẹ́. Òjò á rọ̀, ekòló á yọjú, tòlótòló á gbé ekòló mì. Kòkòrò náà á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹyẹ náà á sorí kọ́, á ju ìyẹ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á wá rí bí àwọ̀ ìyeyè. Orúkọ àrùn yẹn ń tan èèyàn jẹ, orí lè má dúdú rárá. Ó lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú agbo lọ.

Ìyá Ṣadé, ilẹ̀ yín lè má ní i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí adìyẹ ti ń jẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú lásán kò lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Aránṣọ, bí ẹ bá fẹ́ olùkọ́ fún wọn, ẹ ra ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan méjì níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pamọ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ wọ́n kúrò. Bí àwọn tòlótòló bá wá dàgbà, orí àgá pákó ni kí wọ́n máa gbé, kí ìgbẹ́ máa jábọ́ sísàlẹ̀. Bàtà tí ẹ fi ń rìn láàárín adìyẹ, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sì má gbàgbé àjẹsára lúkúlúkú, àrùn tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ẹ má fi omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí pò ó.

Bàbá Rélùwéè, Ìdó-Ọ̀ṣun:

Ọmọ yìí, àwọ̀ ìyeyè tí o sọ yẹn, mo rí i lọ́dún náà. Mo rò pé ẹnìkan ló fún wọn ní májèlé jẹ ni. Odindi ọdún kan ni mi ò fi kí ará ilé kejì mi.

Aránṣọ Alékúwodò:

Mo kúnlẹ̀ o, Bàbá. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ẹ má bínú pé mo pẹ́, aṣọ ìgbéyàwó ló wà lọ́rùn mi. Ọ̀kan tún kú lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí yín. Mo fi sísọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀bù la iwe rẹ̀. Òwú léèsì aláwọ̀ góòlù ló wà níbẹ̀, ó wé mọ́ra wọn bíi bọ́ọ̀lù, kò sí èèrún oúnjẹ kan. Aṣọ oníbàárà kan ni, mo mọ léèsì náà dáadáa. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mẹ́fà wà. Elẹ́sẹ̀ yíyà ti ń rìn, ó kàn ń yí díẹ̀. Òkúta gíláàsì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì gan-an, àwọ̀ búlúù ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo ra ọmọ adìyẹ méjì bí Olùtọ́jú ṣe wí. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé ekòló ni mò ń sá fún, pé kì í ṣe àgbébọ̀ wọn, wọ́n wò mí títí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Bàbá, káfíńtà wà níwájú mi báyìí fún àgá pákó. Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Bàbá Rélùwéè, Ìdó-Ọ̀ṣun:

Kó dé orúnkún rẹ. Má jẹ́ kó fi tirẹ̀ wọ̀n ọ́n.