Mi ò yìnbọn rí: ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ni, àbí kí n kàn lọ dán an wò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_O:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mi ò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń lọ yìnbọn ní pápá ìdánrawò ní kí n bá òun lọ lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kò sóhun tí mo fẹ́ lọ kọ́ ṣáájú, pé òun á fi hàn mí tá a bá débẹ̀. Ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Ṣé kí n wá olùkọ́ ni? Irú ìbọn wo ló sì yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Tísà_Pápá:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dúró ti àwọn tó ń yìnbọn ní pápá. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ dán an wò lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí òfin ibi tó o wà sì gbà bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tó o bá gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n o nílò ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ọta. Kí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ láìsí ọta kankan nítòsí, kí o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bí wọ́n ṣe ń yẹ inú ẹ̀ wò, àti ibi tí ìka rẹ máa wà, títí ó fi máa mọ́ ọ lára.

Òfin mẹ́rin kan wà tí Jeff Cooper sọ di mímọ̀, ajagun Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn sílẹ̀ ní Arizona lọ́dún 1976. Ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú ẹ̀. Má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí o ò fẹ́ bà jẹ́. Má fi ìka kan tírígà àfi tó o bá ti fojú sun ohun tó o fẹ́ yìn. Mọ ohun tó o fẹ́ yìn dájú, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Èkejì ni mo máa ń rí káwọn tuntun rú jù. Ọta á ba ohun tó fojú sùn, inú onítọ̀hún á dùn, á yíjú sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ìbọn á sì bá ara ẹ̀ yí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ìbọn kọ òun?

Gbénga_Géèmù:
Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń yìnbọn nínú géèmù, ẹ má kà á mọ́ ọn o. Ìbọn gidi wúwo, ariwo ẹ̀ sì máa ń já èèyàn láyà.

Bàbá_Kọ́lá:
Èmi ò fara mọ́ kí ọ̀rẹ́ máa kọ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn lè má mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ibi tí ẹ ń yìn sí ni ọ̀rẹ́ yín á máa wò. Ọwọ́ yín ni olùkọ́ máa ń wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló máa yọ màgasíìnì, ìyẹn àpò tí ọta ìbọn máa ń wà, kúrò, tó máa sọ pé kò sí nǹkan nínú ìbọn mọ́, nígbà tí ọta kan ṣì jókòó síbi tó ti máa ń jáde. Bọ́rọ̀ ṣe ń di ẹkún nìyẹn. Ẹ wá kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ yín bá yín lọ síbẹ̀.

Ṣadé22:
Mo gbà pẹ̀lú Bàbá. Ní ti irú ìbọn, ẹ fi ìbọn gígùn tó ń lo ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 bẹ̀rẹ̀. Kì í ta èèyàn lápá, ariwo ẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ìbọn pélébé kúrú: tí ọrùn ọwọ́ bá yí díẹ̀ báyìí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló kọjú sí. Àmọ́ ẹ má fojú kéré .22 o, ọta ẹ̀ lè rìn ju kìlómítà kan lọ.

Ẹ ní kí wọ́n ki ọta ẹyọ kan ṣoṣo sí i fún yín nígbà àkọ́kọ́. Tí ìbọn bá ta, ẹ̀rù lè mú kí ọwọ́ tún fa tírígà láìmọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, kò sóhun tó máa jáde. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá gbé ìbọn ńlá lé yín lọ́wọ́ torí kó lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni irú eré yẹn lé kúrò ní pápá pátápátá.

Aṣọ tó bo ọrùn ni kẹ́ ẹ wọ̀. Èèpo ọta tó máa ń fò jáde lára ìbọn máa ń gbóná gan-an, ó sì lè kó sí yín láyà. Tó bá wọlé, ẹ jẹ́ kó jó yín ná. Ẹ gbé ìbọn kalẹ̀ kó kọjú síwájú kẹ́ ẹ tó gbọn aṣọ. Ẹ wọ gíláàsì, kẹ́ ẹ fi fóòmù dí etí, kẹ́ ẹ tún fi ìbotí lé e, torí ariwo ìbọn sábà máa ń ju 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ. Tẹ́ ẹ bá parí, omi tútù àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ nǹkan kan, torí eruku òjé tó máa ń jáde lára ọta.

Tísà_Pápá:
Ṣadé, o káre. Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí òun ló fi hàn pé ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Tó o bá fa tírígà tí kò dún, má yí ìbọn wò. Jẹ́ kó kọjú síwájú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ọta ẹ̀ lè ṣì máa bọ̀. Tó bá sì dún fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ta ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, dúró. Ọta lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó bá tẹ̀ lé e sì lè fọ́ ìbọn mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ ò tíì mọ bó ṣe yẹ kó dún, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó yí padà?

Àdùkẹ́_O:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ká sún un síwájú, ó sì gbà. Mo fẹ́ pe pápá kan lọ́la. Kí ni kí n bi wọ́n?

Bàbá_Kọ́lá:
Ẹ bi wọ́n bóyá olùkọ́ kan máa dúró tì yín nìkan, kó má jẹ́ pé òun nìkan ló ń wo èèyàn púpọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo ìbọn láìsí ọta. Kẹ́ ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́nì kan bá pariwo pé kí gbogbo èèyàn dáwọ́ ìbọn dúró. Tí wọn ò bá rí ìyẹn dáhùn kíá, ẹ pe pápá míì.