Fèrè ni mo fọn, mi ò súfèé: lórí “ìsúfèé onírin”

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹni tó dá “ìsúfèé onírin” sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò mẹ́fà nì, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bá mi lára mu rárá. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, “tin whistle”, ló ń tú, kò wo ohun tí fèrè náà ń ṣe.

Mo ní ọ̀kan báyìí. Tuntun ni, idẹ ni ara rẹ̀, ike ni ẹnu rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu lálẹ́ àná, ó tutù bí òkúta odò, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àfi ìgbà tí mo dì í mọ́wọ́ títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo di ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo mí sí i jẹ́jẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ sì jáde, ó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Mi ò ṣí ìka kankan, mo kàn fi kún èémí ni, ohùn kan náà bá fò sókè, bí ìgbà tí ọmọdé ń gbe orin àgbàlagbà. Inú mi dùn débi pé mo ṣe é léraléra. Nígbà tó ṣe, omi èémí dí ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Mo fi ìka bo ihò kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀, mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan gbàà, ó là.

Níbo ni súfèé wà nínú gbogbo èyí? Ẹni tó ń súfèé, ètè àti ahọ́n rẹ̀ ló ń dá ohùn. Fèrè yìí kò bi ètè mi léèrè ohunkóhun. Ìka ló ń yan ohùn, èémí ló ń gbé e ròkè.

Ẹnì kan wá kín in lẹ́yìn pé “fèé” inú súfèé àti “fèrè”, ọ̀kan náà ni, pé ìpajẹ r ló ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n yọ r kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì ohùn! Òrìṣà di òòṣà, orúkọ di oókọ: kọ́ńsónáǹtì lọ, ohùn dúró sípò rẹ̀. Bí a bá pa r inú fèrè jẹ, fèè ló yẹ kó dà. Ta ló wá gbé ohùn òkè lé e lórí? Títí ẹnì kan yóò fi dáhùn ìyẹn, ẹ fi fèé sílẹ̀ fún ètè.

“Onírin” kò ṣẹ gírámà, a kúkú ń sọ pé ilẹ̀kùn onírin. Àmọ́ idẹ kì í ṣe irin. Robert Clarke, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú fèrè yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1843, páànù tí wọ́n fi tánganran bò ló lò. Bíbélì àtijọ́ pàápàá ya irin, idẹ àti tánganran sọ́tọ̀. Fèrè tánganran ni mo fara mọ́ fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Tèmi yìí, fèrè idẹ.

Ní ti ẹni tó ní “fọn fèrè” kò tọ̀nà, pé “fun” ni: mo mọ̀ pé fun ló wà nínú Bíbélì náà. Bàbá àgbà tó tọ́ mi kò ka ìwé kankan, fọn ló ń sọ títí ó fi lọ, mi ò sì gbọ́ kí èdè kọ́ ọ lẹ́nu rí. Mi ò ní yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni.

Ó ku ihò kékeré onígun mẹ́rin tó wà lọ́rùn rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọlu etí tó mú bí abẹ tí ohùn fi ń jáde. Láti àná ni mo ti ń pè é ní fèrèsé. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.