Ara ọmọ mi kọ lọ́fínńdà inú ọṣẹ: kí ni kí n fi fọ aṣọ rẹ̀?

Àǹtí Tíṣà, Adó-Èkìtì:
Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ti tó oṣù 3 tí ara ti ń yún un: ọrùn, abẹ́ apá, àti ibi tí rọ́bà ṣòkòtò ti mú un nídìí. Á sú wínníwínní, á máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Òru ló ń le jù. Dókítà ní kì í ṣe kúrúnà, lọ́fínńdà inú nǹkan ni ara rẹ̀ ń kọ̀. Ó ní kí n ṣọ́ ohun tí mo fi ń fọṣọ, ó sì pe ẹlòmíì wọlé.

Mo ṣọ́ ọ. Mo pa ọṣẹ ẹlẹ́bú tì, mo lọ ra olómi tí wọ́n ya àwòrán ọmọ jòjòló sí lára. Owó gọbọi. Òórùn rẹ̀ tún wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ìyá ọkọ mi ní ọṣẹ dúdú ni kí n lò. Mo fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ilé ìwé, ó jáde bí ẹni fi í gbálẹ̀. Ìyá tèmi ní kí n gbé e lọ wẹ̀ ní Ìkọ́gòsí, níbi ìsun omi gbígbóná. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Ẹ má wo àwòrán ọmọ, ẹ̀yìn ike ni kẹ́ ẹ kà. Tẹ́ ẹ bá ti rí “fragrance” tàbí “parfum” níbẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. “Unscented” náà ń tan èèyàn o: nígbà míì, òórùn kan ni wọ́n fi bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀. “Fragrance-free” lẹ ń wá. Nígbà tí mi ò rí i rà, ọṣẹ gígùn funfun tí kò ní òórùn ni mo ń rẹ́ sínú omi gbígbóná kó yọ́. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń sùn.

Alágbàfọ̀ Ọ̀kèṣà:
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, omi ìṣan ló ń jẹ̀bi. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn èèyàn ń ṣan aṣọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kún ọwọ́ méjì ni wọ́n da ẹ̀bù sí i. Èyí tó ṣẹ́ kù ń bẹ nínú òwú, òógùn ọmọ ló ń tú u sílẹ̀. Ẹ dín ẹ̀bù kù, ẹ ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí omi kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ yín mọ́. Bí omi kànga yín kì í bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, omi òjò ni kẹ́ ẹ gbè.

Èyí tí wọ́n ń dà sí omi ìkẹyìn kí aṣọ lè rọ̀ ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣe é kó lè dúró sára aṣọ ni. Àwọn oníbàárà mi kò lè ṣe kí wọ́n má bèèrè rẹ̀, kí n tó sọ pé ó tán wọ́n á ti bínú.

Ọmọ Ìfàkì:
Fínígà díẹ̀ nínú omi ìṣan. Ó parí.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Kò parí o. Bí jíìkì bá ti wà nínú omi yẹn, ẹ má da fínígà sí i láé. Atẹ́gùn tó máa jáde níbẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun.

Àǹtí, ọṣẹ dúdú ní eérú nínú, ó le fún ara tó ti bó. Ohun mìíràn: irú ara kíkọ̀ yìí kì í yọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó sú. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń mú ọ̀tá tí kì í ṣe ọ̀tá. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ẹ̀yin náà ń fín lọ́fínńdà? Ta ló ń sùn tì? Inú kí lẹ sì ń kó aṣọ rẹ̀ sí?

Àǹtí Tíṣà, Adó-Èkìtì:
Èmi ló ń sùn tì. Mo ń fín in, gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Àpótí ni mo ń kó aṣọ sí, mo sì ju káńfọ̀ sí i láti ìgbà tí aáyán ti wọlé.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Ẹ kó káńfọ̀ yẹn dànù lónìí. Bí kì í bá tiẹ̀ ṣe òun ló ń yún ọmọ, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa. Káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ títí ibà pọ́njú á fi dé, pàápàá ọmọ tuntun. Ẹ tún gbogbo aṣọ àpótí náà fọ̀, ẹ sá a sí oòrùn. Kẹ́ ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e mọ́ra.

Àǹtí Tíṣà, Adó-Èkìtì:
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Mo ti fọ aṣọ náà, okùn tí mo sá a sí ti kún dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n aáyán wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́:
Ike onídèérí tó bá dé gírígírí. Ìkọ́gòsí náà, ẹ gbé e lọ kó lọ ṣeré. Ẹ má kàn jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, ara tó ń yún kì í fẹ́ ẹ.