Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: bí a ṣe máa ya fótò ẹbí pẹ̀lú ajá wa

Ìyá Àwọn Ọmọ, Àjàṣẹ́: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ti Faransé bọ̀ lóṣù December, la bá ní ká ya fótò ẹbí, aṣọ kan náà, gbogbo wa pátá. Àwọn ọmọ láwọn ò ní yà á bí Tanímọ̀la ò bá sí níbẹ̀. Ajá wa nìyẹn, ó dúdú bíi kóró iṣin, ó sì ti ń dàgbà, èmi náà fẹ́ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ Àlájà, ìyá ọkọ mi, ní kò gbọdọ̀ fara kan aṣọ òun, fotogaráfù sì ní ká mú un wá sí sítúdíò, bẹ́ẹ̀ ajá yìí ń bẹ̀rù iná tó bá ń kọ mànà. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Oníkámẹ́rà Kétu: Ẹ má mú un lọ sí sítúdíò rárá. Ìta ni kẹ́ ẹ ti yà á, lábẹ́ igi, ní bí aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, torí bí oòrùn bá wà lórí tán, ahọ́n ajá dúdú nìkan lẹ máa rí. Ẹ má fi ògiri dúdú sẹ́yìn ẹ̀. Iná kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ pa á, nǹkan kan wà nínú ẹyinjú ajá, lápá ẹ̀yìn, tó ń dá iná padà bíi dígí, ìyẹn ló ń sọ ojú ẹ̀ di àwọ̀ ewé. Kí fotogaráfù lóṣòó kí kámẹ́rà bá ojú ajá dọ́gba, kẹ́nì kan mú ẹran dání lẹ́yìn fotogaráfù kó máa pe ajá. Ẹ kọ́kọ́ mú un rìn díẹ̀ kó tó kan fótò, kára ẹ̀ lè balẹ̀. Bó bá jẹ́ Jardin des Plantes, ọgbà igi tó wà ní Àjàṣẹ́ yín, lẹ fẹ́ lọ, ẹ bèèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n ń gba ajá wọlé.

Bàbá Ràmátù: Ní ti Màlíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ àwa Mùsùlùmí ibí ń tẹ̀lé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin, àmọ́ ẹ má fìyẹn bá Àlájà jiyàn jàre, àgbà ni. Fótò méjì ni kẹ́ ẹ yà. Nínú èyí tó ní ajá, kí Àlájà wà lápá kan, kí ajá àtàwọn ọmọ wà lápá kejì.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn nítorí fótò. Bó bá ń lá ẹnu, tó ń yán láìsí oorun, tó ká ìrù sábẹ́, ó ti sú u nìyẹn, ẹ dúró kẹ́ ẹ fún un lómi. Ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ fi tàn án, kò gbọdọ̀ ní àlùbọ́sà o, májèlé ni fún ajá, ṣokoléètì náà bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀, bó bá jó yín, ó ń jó òun náà lẹ́sẹ̀.

Ìyá Àwọn Ọmọ, Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni! Mo ti bá Àlájà sọ ọ́, ó láwọn jọ máa yà á, bí ọkọ mi bá ti di okùn ajá mú dáadáa. Oníkámẹ́rà Kétu, ṣé ẹ lè wá bá wa yà á?

Oníkámẹ́rà Kétu: Mo lè wá. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ ká jọ mú ọjọ́.