Àgàbàgebè kọ́, adẹrùmárù ni: lórí orúkọ tó yẹ olórí tó ní ká fara da ìyà

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá ní Àkúrẹ́. Bí olóṣèlú bá ní kí ará ìlú fara mọ́ ìnira, tí òun alára kò sì fara mọ́ nǹkan kan, kí là ń pe ìwà yẹn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Ẹ̀gbọ́n wa kan dáhùn pé "àgàbàgebè" ti wà tipẹ́, kí la tún ń wá kiri. Ẹlòmíràn mú "ẹlẹ́nu-méjì" wá. Ẹnì kẹta ní ká máa pe ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ wa ní "ìrúbọ".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àgàbàgebè kò bá a mu. Àgàbàgebè ní ohun tó ń fi pamọ́. Inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí àṣírí má tú. Ẹ wá wo ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kàrún-ún, níbi ìbúra ààrẹ tuntun l'Ábùjá, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróò tó wà ní nǹkan bí ₦185 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì dé ₦617 nínú oṣù Keje. Ẹ mú sùúrù, ẹ mú sùúrù, lohun tí à ń gbọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, àfikún ìṣúná ₦2.17 tirílíọ̀nù dé, ₦5 bílíọ̀nù fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ sì wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ìpín àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ta ló fi pamọ́? Inú ìwé ìṣúná ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ilé aṣojú-ṣòfin ló wá yí owó náà sí ti ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí ariwo ti pọ̀. Mọ́tò àwọn aṣòfin náà ńkọ́, tí ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ₦160 mílíọ̀nù? Gbangba ni wọ́n ti gbèjà rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ oṣù 5,333, ìyẹn ọdún 444 ó lé díẹ̀, láìjẹ láìmu, kí owó rẹ̀ tó ra ọ̀kan. Ẹni tó ṣe èyí lọ́sàn-án gangan, "àgàbàgebè" ti pọ́n ọn lé jù. Àgàbàgebè ṣì mọ ohun tó ń jẹ́ ìtìjú.

Ẹlẹ́nu-méjì náà kò ṣe é. Ẹnu kan náà ni wọ́n ní. Ọwọ́ wọn ni kò tẹ̀lé ẹnu.

Bíbélì Yorùbá tó ń lo àgàbàgebè fúnra rẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Nínú Mátíù orí 23, ibojì tí wọ́n kùn lẹ́fun, tí egungun òkú kún inú rẹ̀, ni àpèjúwe àgàbàgebè. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹsẹ kẹrin, ẹ̀sùn míì ló wà níbẹ̀: wọ́n di ẹrù wúwo, wọ́n gbé e ka àwọn èèyàn léjìká, àwọn fúnra wọn kò sì jẹ́ fi ìka kàn án. Ohun tí à ń wá orúkọ fún gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mú àbá mi: adẹrùmárù.

Bí mo ṣe hun ún rèé. A- tó ń tọ́ka sí olùṣe, di, ẹrù, má, rù. Fáwẹ̀lì inú "di" ló pa jẹ, ó di "dẹrù". Ẹni tó bá ní "má" kì í gbé àárín ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ló ń pe rédíò? Asọ̀rọ̀mágbèsì ni, ìhun kan náà ni: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. (Ó ku díẹ̀ kí n ní ká kúkú fún àwọn olóṣèlú lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n rédíò kò ṣẹ̀ wá.) Tí a bá wá fẹ́ pe ìwà náà fúnra rẹ̀, a ó fa ohùn ìbẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, á di àdẹrùmárù, bí a ṣe ní àṣemáṣe àti àwámárìídìí.

Ohùn ni yóò dà á rú bí a kò bá ṣọ́ra. Ẹrù orí ni, kì í ṣe ẹ̀rù tó ń bani. Bí akàròyìn bá gbé "dẹ" sókè, etí olùgbọ́ á lọ sí "dẹ́rù bà", á rò pé apániláyà ni wọ́n ń sọ. Ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló tún burú jù, torí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí orúkọ ọmọ aládé. Ó pọn dandan kí àmì wà lórí rẹ̀.

Ní ti "ìrúbọ", mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ní í rúbọ nílẹ̀ wa. Òun ní í ra ẹran, òun ni ire rẹ̀ sì ń padà sí. Rírú ẹbọ ní í gbeni, àìrú kì í gbèèyàn. Ẹni tó bá gbọ́ "ìrúbọ" lórí rédíò ti ń retí kí ẹbọ gbè é. Wọ́n ní ká rú ẹbọ. Ńṣe là ń ru ẹbọ ẹlẹ́bọ lọ sí oríta. "Ìfarajìn" ńkọ́? Èèyàn fúnra rẹ̀ ní í fi ara rẹ̀ jìn. Owó epo tó di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù méjì kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká kọ "wọ́n rọ ará ìlú kí wọ́n fara da ọ̀wọ́n epo". Ó sọ ohun tó ń dunni, kò sì ṣèlérí kankan.

Kí "ẹ fún bẹ́líìtì yín" náà kúrò nínú ìròyìn. Ẹni tí Yorùbá bá ní kó di àmùrè, iṣẹ́ tàbí ìjà ló ń múra fún, kì í ṣe ebi.

Ọ̀rọ̀ tó ń da olùgbọ́ láàmú jù lọ ni "ìrànwọ́", ẹnikẹ́ni kò sì tíì mẹ́nu bà á. Ìròyìn á ní ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kò pẹ́, ìròyìn kan náà á ní ìjọba ń pín ìrànwọ́. Ìyá tó ń gbọ́ ọ á rò pé wọ́n ti dá ohun tí wọ́n yọ padà. Nínú oṣù Kẹjọ 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦5 bílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra ìrẹsì àti àgbàdo. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀fẹ́, ìdá 48 jẹ́ ẹ̀yáwó. Ìyẹn ni pé gbèsè ni ₦2.4 bílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ìrànwọ́ wo là ń san padà?

Àbá mi ni pé ká pe ti àkọ́kọ́ ní "ẹ̀dínwó orí epo", ká sì pe ti ìrẹsì ní "gbà-má-bìínú", tí gbogbo ìlú ti ń lò fún owó tí wọ́n fi ń tu ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ nínú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní olùtajà ló ń dín owó fún oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ló ń san ìyókù owó epo. Òótọ́ ni. Kí akàròyìn ṣàlàyé ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa lo ẹ̀dínwó lọ.

Ẹnì kan fi òwe ránṣẹ́, pé ẹni máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Òwe náà dáa, àmọ́ ẹni tó ṣèlérí aṣọ ló ń bá wí. Aṣọ ọrùn wa ni àwọn tí à ń sọ yìí ń bọ́.

Kí a tó gba adẹrùmárù wọlé, kí àwọn akàròyìn fi í sí gbólóhùn kan, kí wọ́n kà á fún àwọn tó ń ta ata ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, láìṣe àlàyé. Bí wọ́n bá bèèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká pa á tì, ká sì máa sọ ọ́ ní gbólóhùn: ó di ẹrù, kò rù ú.